Gbígbé ajá láti Ifẹ̀ lọ sí etí òkun l'Ékòó: kí ni ká mú dání, kí sì ni ká yàgò fún?

Ìyá Ìbejì Ẹnuwá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ìdílé wa ń lọ sí etí òkun l'Ékòó ní Sátidé tó ń bọ̀. Ifẹ̀ níbí la ti máa gbéra ní ìdájí, a ó sì padà lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọmọ ti fi dandan lé e pé àwọn ajá ò ní ṣẹ́kù sílé. Méjì ni wọ́n: abo ajá ìbílẹ̀ kan, ọmọ ọdún mẹ́rin, kìlógíráàmù 18, àti akọ Lhasa kékeré kan, ọmọ oṣù méje, kìlógíráàmù 5. Kò sí èyí tó rí òkun rí nínú wọn. Odò Ọ̀pá ni omi tó tóbi jù tí èyí àgbà mọ̀.

Báwo la ṣe máa gbé wọn nínú mọ́tò tí wọn ò fi ní máa bì? Omi tó pọ̀ tó wo la máa gbé dání? Ṣé a lè jẹ́ kí wọ́n wọ inú òkun? Oògùn wo ló yẹ kó wà nínú àpò? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ajá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ fún mi.


Olùtọ́jú Ẹran, Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ ilé, Ìyá Ìbejì. Ó dáa tẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbéra. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí ajá má rì sómi ni gbogbo ọ̀rọ̀ etí òkun. Ewu nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn àti iyọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mú ajá tó ti òkè wá bíi tiwa níbí. Ajá tó ti ń mu omi odò láti kékeré ò mọ̀ pé omi kan wà láyé tí kò ṣeé mu. Bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ ẹ́, á kàn tẹ orí bọ òkun ni, á máa lá a.

Nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ ló wà nínú lítà omi òkun kan, ìyẹn bíi ṣíbí tíì mẹ́fà. Bí ajá bá lá a díẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru ló sábà máa ń já sí, torí pé iyọ̀ náà á fa omi láti inú ara wá sínú ìfun, omi yẹn á sì gba ìdí jáde. Bó bá mu púpọ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sókè, á sì máa fa omi jáde kúrò nínú ọpọlọ. Ẹ ó rí i tí á máa bì, tí á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Gìrì lè mú un. Ajá tó bá ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ti kọjá ohun tí ẹ lè fi omi ṣe fúnra yín. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ló kàn, torí díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú iyọ̀ yẹn wálẹ̀. Bó bá yára wálẹ̀ jù, ọpọlọ á wú.

Nítorí náà, omi mímu ni ẹrù yín àkọ́kọ́. Ajá tó wà nílé máa ń mu nǹkan bíi mílílítà 50 sí 60 lóòjọ́ fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ti èyí àgbà jẹ́ bíi lítà kan, ti Lhasa ò ju ìdá mẹ́ta lítà lọ. Létí òkun, ẹ ṣírò rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ kúkú gbé odidi àpò píọ́ wọ́tà kan: ẹyọ 20, sẹ́ǹtílítà 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan, lítà 10 lápapọ̀. Ẹyọ mẹ́jọ nínú rẹ̀ ni mímu, ìyókù á wà nílẹ̀ fún ìgbà tí ooru bá fẹ́ mú wọn. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì lítà 10 kan kún un fún fífi omi ṣan ara wọn kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò padà.

Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá wá omi wá o. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ pè wọ́n wá sábẹ́ ibòòji, kẹ́ ẹ fún èyí àgbà ní ìlàjì ife tíì, kẹ́ ẹ fún Lhasa ní ṣíbí ìjẹun mẹ́ta. Bó bá gbé odidi lítà kan mì lẹ́ẹ̀kan náà, á bì í jáde. Ajá tí òùngbẹ ò gbẹ kì í ní ìdí tó pọ̀ láti lá òkun.

Ní ti Lhasa, èrò tèmi ni pé bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀, ẹ fi í sílé. Mímí hẹlẹhẹlẹ ni ajá fi ń lé ooru jáde lára. Ajá tí imú rẹ̀ kúrú, tí irun rẹ̀ sì pọ̀, kì í lè ṣe é dáadáa. Bó bá pọn dandan kó lọ, abẹ́ agbòòrùn ni ibùjókòó rẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ààbọ̀. Ẹ má sì fá irun rẹ̀ kanlẹ̀ nítorí ooru. Irun yẹn ló ń gba oòrùn kó má jó awọ. Ẹ gé e kúrú díẹ̀, ó tó.


Awakọ̀ Ọ̀nà Èkó

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jẹ́ n mú ti ojú ọ̀nà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ajá ti ń rẹ̀ kó tó dé òkun. Láti Ifẹ̀ gba Gbọ̀ngán, Ìkirè àti Aṣéjìrẹ́ dé Ìbàdàn, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Èkó, ó lé ní 200 kìlómítà. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà, ó lè gba wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Oúnjẹ gidi tó máa kẹ́yìn, kó jẹ́ alẹ́ Jímọ̀, ní bíi aago mẹ́jọ. Bẹ́ ẹ bá gbéra ní aago márùn-ún ìdájí, ikùn wọn á ti fúyẹ́. Ti Lhasa yàtọ̀ díẹ̀: ajá kékeré tó ṣì ń dàgbà kì í lè gbààwẹ̀ pẹ́, ẹ fún un ní ṣíbí oúnjẹ méjì bẹ́ ẹ bá dúró n'Íbàdàn. Ajá tó bá fẹ́ bì máa ń fi àmì hàn: itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á máa lá ètè, á máa yán léraléra. Bẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ wá ibi dúró kó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀.

Ẹ má fi wọ́n sí búùtù. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, èéfín mọ́tò lè wọlé síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ bí ajá bá dákú. Síìtì ẹ̀yìn ni kí wọ́n wà. Bẹ́ ẹ bá ní àgò onírin tàbí oníke tí à ń gbé ajá sí, ẹ fi bẹ́líìtì dì í mọ́ síìtì kó má máa yí. Bí kò bá sí, ẹ ra okùn tó gba àyà àti èjìká ajá, kẹ́ ẹ fi okùn kúkúrú so ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì síìtì. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ṣéènì ọrùn o. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, ọrùn ni gbogbo agbára yẹn máa fà.

Ní gbogbo wákàtí méjì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n fẹnu kan omi. Ẹ so okùn mọ́ wọn kẹ́ ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. Ẹlòmíì á ṣílẹ̀kùn tán kó tó máa wá okùn, ajá á sì ti fò bọ́ sójú ọ̀nà níbi tí tírélà ti ń sáré.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra nǹkan lọ́nà, kí ẹnì kan jókòó ti wọ́n. Bí ooru ìta bá jẹ́ dígírì 27 péré, inú mọ́tò tí wọ́n tì á ti di bíi 37 láàárín ìṣẹ́jú 10, á di 43 ní ìṣẹ́jú 20, á di 46 ní ìṣẹ́jú 30. Sísọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà.


Ọmọ Ìlàjẹ n'Ífẹ̀

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ òkun fúnra rẹ̀, torí òkun kì í ṣe Ọ̀pá. Ní ọ̀pọ̀ ibi létí òkun Èkó, ilẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́ wọ inú omi. Ìṣísẹ̀ mélòó kan, omi ti mu èèyàn dé àyà, ìgbì sì ń fọ́ lulẹ̀ létí bèbè gan-an. Omi tó bá ń padà sẹ́yìn ló máa ń gbá ajá lẹ́sẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń bọ̀. Láti bíi oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni òkun máa ń ru jù. Ní àsìkò yẹn, kí ajá má kọjá ibi tí omi ti kan orúnkún rẹ̀.

Ìṣàn kan sì tún wà tó ń sáré padà lọ sínú agbami, òun ló ń gbé ajá àti èèyàn lọ. Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ajá sún mọ́ omi, ẹ dúró síbi tó ga díẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ wo òkun. Ibi tí ìgbì ò ti fọ́, tí omi pa rọ́rọ́ láàárín ibi méjì tí ìfóòfó funfun wà, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dàrú nítorí iyanrìn tó ń gbé lọ, ibẹ̀ gan-an ni. Ojú tí kò mọ òkun á rò pé ibẹ̀ ló rọrùn jù láti wọ̀.

Bó bá gbé ajá, ẹ má bẹ́ sómi tẹ̀lé e. Ẹ sáré gba etí omi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bíi mítà 30 sí 50, kẹ́ ẹ máa pe orúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa ju ọwọ́. Ọ̀dọ̀ ohùn tó mọ̀ ni ajá máa ń wẹ̀ lọ. Bẹ́ ẹ bá dúró síbi tó ti wọlé, ẹ̀yin lẹ̀ ń fà á kó máa bá ìṣàn yẹn jà lójúkojú títí agbára rẹ̀ á fi tán. Bẹ́ ẹ bá pè é láti ẹ̀gbẹ́, á gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ nínú rẹ̀.

Ohun tó dáa jù ni kó má tiẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹ so okùn náílọ́ọ̀nù tó lè léfòó, mítà 5 sí 10, mọ́ okùn àyà rẹ̀. Àgbàlagbà ni kó dì í mú, kó má sì wé e mọ́ ọrùn ọwọ́. Bẹ́ ẹ bá rí jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ajá rì, ẹ ra èyí tó ní ibi ìdìmú lẹ́yìn, torí ibẹ̀ lẹ máa fi gbé e jáde.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa lọ: omi Tarkwa Bay rọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ibi yòókù lọ, torí òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà òkun ń gba ìgbì dúró, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Ẹlẹ́gùṣì rọrùn dé, àmọ́ èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, orin á máa dún kíkankíkan. Ẹ kọ́kọ́ pe ibi tẹ́ ẹ bá mú, kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba ajá wọlé. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń gbé èèyàn kiri etí òkun. Ajá tí kò mọ ẹṣin á sá tẹ̀lé e lẹ́yìn, á máa gbó, ẹ̀yìn yẹn ni ẹṣin sì ti ń ta ìpá.


Káyọ̀ Modákẹ́kẹ́

Mà, ẹ mú ìgò epo pupa kékeré kan dání, bí wọ́n bá jẹ nǹkan tí kò dáa. Ẹ mú Paracetamol náà fún ibà. Bí oòrùn bá mú wọn, omi yìnyín ni kẹ́ ẹ wá.


Olùtọ́jú Ẹran, Iléṣà

Káyọ̀, àbúrò mi, o ṣeun, mo mọ̀ pé inú rere lo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi epo àti Paracetamol sílé.

Epo pupa kì í pa májèlé. Ajá tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tàbí tó ń bì ò lè gbé nǹkan mì dáadáa; bẹ́ ẹ bá da epo sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ni á gbà lọ, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró á wá kún èyí tó wà nílẹ̀. Paracetamol lè ba ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ibuprofen máa ń dá egbò sí ikùn rẹ̀, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú oògùn ara ríro ti èèyàn tó yẹ kẹ́ ẹ dá fún ajá láìjẹ́ pé dókítà ẹranko sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ooru: ẹ máa wo èémí wọn. Bí ajá bá ti sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún lábẹ́ ibòòji tí hẹlẹhẹlẹ yẹn ò dín kù, tí ahọ́n gùn síta tó sì fẹ̀ lẹ́nu, tí itọ́ ń fà bí ọbẹ̀ ilá, tí èrìgì pọ́n kanrin, ooru ti mú un nìyẹn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró mọ́, ó ti le. Ooru ara ajá tó wà ní àlàáfíà máa ń wà láàárín 38.3 sí 39.2. Bó bá ti dé 41, ìṣẹ́jú lẹ ń bá du.

Ibi tó bá ti ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti tu ara rẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má pàdánù àkókò lórí yìnyín. Omi yòówù tó bá wà nítòsí ni kẹ́ ẹ dà sí gbogbo ara rẹ̀, pàápàá ikùn, abíyá àti abẹ́ itan. Kódà omi òkun á ṣiṣẹ́ lára, bí kò bá ṣáà ti wọ ẹnu. Ẹ jẹ́ kí èèyàn méjì máa fẹ́ ẹ, torí omi àti afẹ́fẹ́ pa pọ̀ ló ń lé ooru jáde. Ẹ má fi táwẹ́ẹ̀lì tútù bò ó kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ní pẹ́ tí táwẹ́ẹ̀lì náà á gbóná, á sì sé ooru mọ́ ọn lára. Bẹ́ ẹ bá ní tẹmómítà, ẹ fi Vaseline pa ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ tì í bọ ihò ìdí bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Bó bá ti dé 39.5, ẹ dáwọ́ omi dúró, torí á ṣì máa lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó tilẹ̀ dìde tó ń rìn, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà: kíndìnrín lè bẹ̀rẹ̀ sí í dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Inú àpò yín: tẹmómítà, òwú, báńdéèjì, ẹ̀mú kékeré, sísọ́ọ̀sì, omi sálíìnì mílílítà 500 fún ojú àti egbò, àti nọ́ńbà dókítà ẹranko kan l'Ékòó tẹ́ ẹ ti pè ṣáájú ọjọ́ náà. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn náà wà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀.


Ọmọ Ìlàjẹ n'Ífẹ̀

Ẹ jẹ́ n fi ti iyanrìn kún un. Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ajá tẹ̀ ẹ́, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé e, kẹ́ ẹ ka ení, èjì, títí dé èje. Bí ọwọ́ yín ò bá lè gbà á, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá á bó.

Kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹní, ẹ rìn yí ibẹ̀ ká, kẹ́ ẹ ṣa àfọ́kù ìgò, igi súyà, egungun adìyẹ àti ṣukù àgbàdo. Ṣukù yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ajá fẹ́ràn rẹ̀, kì í dà nínú rẹ̀, ó sì máa ń há sí ìfun. Ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ìwọ̀ ẹja náà wà níbẹ̀. Bí ajá bá gbé ìwọ̀ mì tí okùn rẹ̀ ń yọ lẹ́nu, ẹ má fa okùn náà, ẹ má sì gé e mọ́ ẹnu; dókítà nílò rẹ̀ láti mọ ibi tí ìwọ̀ há sí.

Òkú ẹja tí òkun bá gbé jù sílẹ̀, kí ajá má fẹnu kàn án. Irú kan wà, pufferfish, tó máa ń wú bí nǹkan bá dẹ́rù bà á. Májèlé inú rẹ̀ kì í tán bí oòrùn bá sá a gbẹ, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ rọ, lẹ́yìn náà èémí. Jellyfish tó ti kú sórí iyanrìn ṣì ń ta. Bó bá ta ajá, ẹ fi igi tàbí ẹ̀mú ṣa okùn rẹ̀ kúrò lára, kẹ́ ẹ fi omi òkun ṣàn án. Omi píọ́ wọ́tà á tún mú kí èyí tó kù lára máa ta sí i.

Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì, ẹ fi sílé. Irun rẹ̀ máa ń kó iyanrìn, ajá á sì máa gbé e mì nígbàkúùgbà tó bá gbé bọ́ọ̀lù. Bí iyanrìn bá pọ̀ nínú ìfun, ikùn á le, á máa dùn ún, kò ní lè yàgbẹ́. Ohun ìṣeré oníke tó ń dán ni kẹ́ ẹ mú.


Olùtọ́jú Ẹran, Iléṣà

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá ti ṣetán níbẹ̀, ẹ fi omi kẹ́ẹ̀gì ṣàn wọ́n láti ọrùn dé àárín ìka ẹsẹ̀. Iyọ̀ tó bá gbẹ sára á máa yún wọn, wọ́n á sì lá a mì. Ẹ nu etí wọn gbẹ, ẹ má da omi sínú rẹ̀. Ajá tó gbé omi mì nínú ìgbì, ẹ máa ṣọ́ èémí rẹ̀ fún wákàtí 24. Bó bá ń wúkọ́ tàbí tó ń mí kíákíá lójú oorun, omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ fún wọn ní oògùn aràn lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì mú náílọ́ọ̀nù dání láti fi kó ìgbẹ́ wọn. Aràn kan wà tó ń ti inú ìgbẹ́ ajá bọ́ sínú iyanrìn, tó sì ń wọ ẹsẹ̀ ọmọ tí kò wọ bàtà. Oògùn eégbọn tí à ń kán sẹ́yìn ọrùn náà gbọ́dọ̀ ti pé wákàtí 48 lára kí omi tó kàn án.


Ìyá Ìbejì Ẹnuwá

Ẹ ṣeun ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ku ẹyọ kan. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti èyí àgbà ò tíì pé ọdún kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé yìí ni Lhasa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tirẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣé ó ti tó kó bá wa lọ?


Olùtọ́jú Ẹran, Iléṣà

Rárá o, kò tíì tó. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ àwọn ajá tí kò lólówó pọ̀ létí òkun. Ẹ fi Lhasa sílé, kí ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ti èyí àgbà dání. Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ níbẹ̀, kí ẹni náà fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin náà, ẹ so ajá náà mọ́lẹ̀ nílé fún ọjọ́ 10, kí dókítà ẹranko máa wò ó.